Wọ́n Yọ Eku Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Mi

Iṣu ni Ọláwùnmí wá rà ní ìkòríta Sẹ́kọ́nà lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣa èyí tó wù ú sọ́tọ̀, òun àti ìyá tó ń tà á sì ń dúnàá dúrà lọ́wọ́, nígbà tí ó gbọ́ ohùn obìnrin kan láti inú sípíkà tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ kórópe kan ní òdìkejì títì.

"Àwọn tó jẹ ewé òkun yìí kò sanra," ni ohùn náà ń wí. "Ọ̀rá ikùn wọn fà."

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹni tó jọ òun lóhùn ni. Ṣùgbọ́n ikọ́ kékeré kan tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá ikọ́ náà mọ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo ni ó ti hú u, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn tútù inú yàrá ibẹ̀ gbẹ ẹ́ lọ́fun. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọláwùnmí kì í ṣe ọmọ Ẹdẹ. Ìlá ni wọ́n ti bí i; iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ló gbé e wá sí ìlú náà. Ohun tí oúnjẹ ń ṣe lára ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó kó eku funfun sínú àgò, ó ń fún wọn ní oúnjẹ tó kún fún òróró àti ṣúgà, irú èyí tí àwa náà ń rà lẹ́bàá títì lójoojúmọ́, títí àwọn eku náà fi sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ó wá ń po ewéko kan mọ́ oúnjẹ àwọn kan nínú wọn. Inú òkun ni ewéko yìí ti ń hù. Láti etíkun Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń bá a kó o wá, á sá a gbẹ, á lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tó yá, àwọn eku tó jẹ ewé òkun kò sanra tó àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ohun tí ó rí nìyẹn. Kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó sọ lórí rédíò ni pé, "Àwọn eku tó jẹ ewé òkun yìí kò sanra tó àwọn yòókù. Ọ̀rá ikùn wọn fà. Ṣùgbọ́n eku ni o! A ò tíì dán an wò lára ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé e sẹ́nu."

Ẹni tó gé ọ̀rọ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ eku. Ó yọ "tó àwọn yòókù." Ó yọ ìkìlọ̀. Ikọ́ nìkan ni kò yọ.

Ọláwùnmí sọdá títì láì wo ọ̀tún wo òsì. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọkọ̀ náà, ó wọ aṣọ funfun gbọọrọ bíi ti oníṣègùn, sálúbàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ "Dókítà Jídé" sára ọkọ̀. Ike kéékèèké kún inú ọkọ̀ bámúbámú, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára: Ewé Òkun Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Ta ló fún yín ní ohùn mi?" ni Ọláwùnmí bi í.

Jídé wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó tẹ́tí sí sípíkà, ó tún wo ẹnu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là wàì, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Dókítà tí ẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dé yìí!"

Kí Ọláwùnmí tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èrò ti yí i ká. Bàbá arúgbó kan gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ṣàdúà fún un. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ń bi í bóyá ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò ó.

"Ẹ má lò ó!" ni Ọláwùnmí kígbe. "Irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa! Eku ni mo fún jẹ! Eku!"

"Eku kẹ̀?" ni ẹnìkan wí, àwọn kan sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú obìnrin tó pọn ọmọ yí padà. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Ohun tí ẹ̀yin alákọ̀wé ń lò tí ẹ fi ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ò fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwa. Nígbà tó bá ti kan mẹ̀kúnnù, ó di ti eku."

Jídé fara mọ́ Ọláwùnmí létí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eku? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ẹ óò rí i pé gbogbo wa la máa jẹun."

Ọláwùnmí fi ìbínú kẹ̀yìn sí i. Ó fi ọjà náà sílẹ̀ láì rántí iṣu mọ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ẹdẹ, ẹni tó jókòó tì í bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara rẹ̀ yá, nítorí ó ń dá sọ̀rọ̀.

Nínú agboolé àtijọ́ kan ló ń gbé, ní ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Fàdìlàt, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Nasru, nítorí àkọ́bí rẹ̀, Nasrullah, tó wà ní Ìbàdàn. Opó ni. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ìlú Ara ló ti máa ń lọ ra gààrí, á rìn láti oko dé oko. Orúnkún ló ká a mọ́lé. Ó wá ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì àti bísíkíìtì níwájú ilé. Àwọn ọmọ ti lọ tán, kò sí ẹni tí yóò dá iná oúnjẹ fún, ohun tí ó ń tà náà ló wá ń jẹ: búrẹ́dì àná láàárọ̀, bísíkíìtì lọ́sàn-án, ẹlẹ́rìndòdò tí kò tutù dáadáa tí oníbàárà dá padà. Ara náà sì ń kún sí i. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù díẹ̀, ó ti ń fọn. Ọláwùnmí rí i, ó sì rò pé ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tí ìyá náà máa ń gbà ni.

Ìyá Nasru ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí Ọláwùnmí ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: sípíkà, ikọ́, aṣọ funfun, gbogbo wa la máa jẹun. Ó retí pé ìyá náà yóò bá òun bínú. Ìyá Nasru dìde. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ike Ewé Òkun Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Ó ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ọláwùnmí fò dìde.

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́," ni Ìyá Nasru wí. "Mo ní, áà, Tíṣà mi nìyí. Ọmọ tó ń gbé ilé mi ò lè tàn mí jẹ. Mo rà á."

"Màmá, ẹ ò ṣe bi mí? Ògiri kan ló wà láàárín wa!"

"Kí n bi ẹ́ pé kí ni?" Ohùn ìyá náà le. "Kí n wá dúró níwájú ìwọ tó o rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀, kí n ní, 'Tíṣà, jọ̀ọ́, mo ti sanra jù, gbà mí'? O mọ ohun tí ọlọ́kadà kan sọ fún mi lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí? Ó ní ọ̀kadà lòun ń gùn, òun ò wa tírélà. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá fẹsẹ̀ rìn délé pẹ̀lú orúnkún yìí."

Ó fẹ́ gbé ike náà sílẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Ìgbà yẹn ni Ọláwùnmí rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa.

"Ó ti tó ìgbà wo tí ọwọ́ yín ti ń ṣe báyìí?"

"Ọwọ́ àgbàlagbà ni."

"Ọkàn yín ńkọ́? Ṣé kì í sáré?"

Ìyá Nasru yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ó sáré. Ó ti jókòó sójú kan pẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí hósípítù, Màmá. Nísinsìnyí."

"Hósípítù kí ni? Mo rí ara mi nínú dígí lánàá, mo rí egungun ọrùn mi. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo rí i kẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ àwọn eku rẹ ni kí o lọ máa gbọ́. Fi mí sílẹ̀."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu iṣẹ́ ni Ọláwùnmí ń múra láti lọ nígbà tí ó gbọ́ tí nǹkan ṣubú nínú yàrá kejì. Ìyá Nasru ti foríkanlẹ̀ níbi ìrun, kò sì lè dìde mọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní, òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù débi pé èèyàn lè rí i lórí híjáàbù rẹ̀. Ọláwùnmí pe àwọn ọkùnrin agboolé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní hósípítù kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó yẹ ọ̀fun ìyá náà wò, ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, ó fa àga sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, nǹkan kékeré kan wà níwájú ọ̀fun wa," ló wí. "Òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára tó. Èròjà kan wà nínú nǹkan òkun, áyódínì ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀nba rẹ̀ wà nínú iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀, ó sì dára fún wa. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ó lè da iṣẹ́ ọ̀fun rú, á wá máa lé ara kiri bí ẹni ń lé ẹṣin. Ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn ò ní rí oorun sùn, ẹran ara á máa yọ́ dànù. Ìyẹn lẹ fi rò pé oògùn ń ṣiṣẹ́."

"Fífọn tí mo fọn yẹn…" ni Ìyá Nasru bẹ̀rẹ̀.

"Àìsàn ni, Màmá."

Ìyá Nasru dojú kọ ògiri. Kò sunkún. Ó ní, "Mo ti fún àwọn ará ilé mi ní aṣọ tí ó tóbi jù fún mi."

Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó má fẹnu kan ewé náà mọ́, wọ́n ní yóò bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Ọpẹ́ ni ó yẹ kí Ọláwùnmí máa dú. Kò lè dúpẹ́. Ìbínú náà jókòó sí i láyà bí òkúta.

Ó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un ní omi tútù. Ó ní ètò náà ti wà lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹni tó bá wù ú ló lè gé e bó ṣe fẹ́. Kí ni àwọn máa ṣe sí i?

"Ẹ lè sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé ayédèrú ni."

"Ẹ ó ra àkókò fún ìkéde nìyẹn, Madam."

Ó kúrò níbẹ̀, ó gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn lọ. Wọ́n ní kó lọ sí yàrá mìíràn, ìyẹn náà ní kó lọ sí òmíràn. Ní èyí tó kẹ́yìn, ọkùnrin kan ń jẹ ẹ̀pà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

"Ṣé ìyá náà kú ni?"

"Kò kú."

"Ẹ dúpẹ́ o! Ti àwọn tó kú gan-an, a ò tíì yanjú rẹ̀."

Ọláwùnmí dìde, ó jáde síta. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá rin ìrìn ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ta ló wá ń gbé òtítọ́ lọ́kọ̀? Irọ́ ní kórópe, ó ní sípíkà. Òtítọ́ ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ní kó jókòó.

Nígbà tó délé, Ìyá Nasru ti ń jókòó níwájú ilé, ó ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọláwùnmí ròyìn fún un láì gba afẹ́fẹ́ símú. Ó ní èyí tó ń dun òun jù ni pé ó ṣeé ṣe kí ewé náà wúlò lóòótọ́ lọ́jọ́ kan. Bóyá wọ́n á rí èyí tó dára yọ nínú rẹ̀, wọ́n á mọ ìwọ̀n tí kò ní pa èèyàn lára. Ọjọ́ yẹn, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ọkùnrin yẹn ti ta ọ̀la náà mọ́ tòní.

Ìyá Nasru gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Gbé mi lọ sí Sẹ́kọ́nà," ló wí.

"Dókítà ní kí ẹ sinmi."

"Jíjókòó ni mo máa jókòó. Ìsinmi kọ́ nìyẹn?"

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n lọ. Ìyá Nasru gbé àga ike kan látinú ìsọ̀ rẹ̀ dání, ó gbé e kalẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ Jídé gan-an, ó sì jókòó, ó tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Jídé dá a mọ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Oníbàárà mi! Ẹ wò ó o! Ẹ wo bí ìyá yìí ṣe fọn! Ẹ bi í ohun tó lò!"

"Ẹ bi mí," ni Ìyá Nasru wí.

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, gbogbo ẹni tó wà nítòsí sì rí i.

"Èmi ni Fàdìlàt, ọmọ Ẹdẹ. Mo sanra, ojú sì ń tì mí, mo ra nǹkan ọkùnrin yìí. Orí ẹní ìrun ni wọ́n ti gbé mi. Ẹran ara mi tó lọ, àìsàn ló jẹ ẹ́. Bí ojú bá ń ti ẹnikẹ́ni nínú yín bó ṣe tì mí, ẹ máa bọ̀ wá sílé mi, ká jọ jókòó. Ẹ má gbé ìtìjú wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi í ṣòwò."

Jídé rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì yí ohùn sípíkà sókè dé góńgó. Ohùn Ọláwùnmí bo ọ̀nà: "Àwọn tó jẹ ewé òkun yìí…"

"Eku!" ni Ọláwùnmí ké.

Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu òun. Ẹ̀rọ náà ń yípo, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Bó bá ti dé "Àwọn," Ọláwùnmí á ti fi gbogbo ọ̀fun ké "Eku!" sí i, kí ó tó dé "tó jẹ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún yípo, ìyá tó ń ta iṣu bá a ké e. Kò pẹ́, ìdajì ọjà ló ń dá sípíkà náà lóhùn.

"Àwọn…"

"Eku!"

"…tó jẹ ewé òkun yìí kò sanra."

Obìnrin tó pọn ọmọ níjọ́sí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ike kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó wò ó, ó sì jù ú sẹ́sẹ̀ Jídé. Àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Obìnrin kan dúró ti ọkọ̀ náà, ó ní ọwọ́ tòun ò gbọ̀n, ó sì ra méjì níṣojú gbogbo wọn. Jídé pa sípíkà, ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó jù ú sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ láì dágbére.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí nígbà tí Najeem, ọkùnrin tó ń bá Ọláwùnmí tọ́jú àwọn eku, mú fóònù rẹ̀ wá fún un láàárín àwọn àgò. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fi fídíò kan ránṣẹ́ láti ìlú Awo. Ọkọ̀ náà ni. Wọ́n ti kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn, wọ́n ti yí orúkọ oògùn padà, ohùn ọkùnrin kan ló sì ń jáde báyìí: "Yunifásítì ti ṣe ìwádìí rẹ̀." Kò dárúkọ yunifásítì kan. Kò sí ikọ́ níbẹ̀, kò sí ohùn tí ẹnikẹ́ni lè pè ní tòun.

Ọláwùnmí àti Ìyá Nasru wọkọ̀ lọ sí Awo. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkọ̀ náà ti ṣí. Obìnrin kan tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì sọ pé ọ̀nà Ìwó ló gbà, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú.

Ọláwùnmí dúró sínú oòrùn, ó di ìkúùkù lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì rí ẹni tí yóò nà. Ó ń bú ilé iṣẹ́ rédíò, ó ń bú ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bú ọjọ́ tí òun la ẹnu lórí afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń kọjá yà kúrò lọ́nà fún un.

Ìyá Nasru kò bá a bú ẹnikẹ́ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà náà, obìnrin ràbàtà kan tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń fi etí ìró nu òógùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fa ara sẹ́yìn kúrò nídìí iná.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Nasru rọra wí, "ṣé ò ń rí oorun sùn báyìí?"

Obìnrin náà dá ọwọ́ dúró. Ó wò ó.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò sùn?"